Ìtàn fítẹ́ẹ̀sì tó fara pamọ́ sínú ìdodo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́

Ìtàn ọba kọ́ ni mo gbé wá lónìí, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé iléèwé.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní abúlé lẹ́bàá Kétu pàdánù ìdánwò ìṣirò. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Kìlómítà 9 ni láti ilé wọn dé iléèwé, VTT tuntun tí bàbá rẹ̀ rà fún un ló sì ń gùn lọ. Ẹ mọ ilẹ̀ pupa ibẹ̀: bí òjò bá ti rọ̀ sí i, yóò máa lẹ̀ mọ́ nǹkan bí àtè. Amọ̀ kún inú irin tó rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí tó ń gbé ṣéènì láti orí pignon kan sí òmíràn, tí àwọn Faransé ń pè ní dérailleur. Ọmọ náà tẹ pẹ́dàlì, irin náà wọ́, ó kó sí àárín rayon, rayon 5 ṣẹ́, dérailleur sì ká kò bí ìwọ̀ ẹja. Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká rìn dé iléèwé. Wọ́n ti ń gba ìwé ìdánwò nígbà tó wọlé.

Kẹ̀kẹ́ náà kò tíì pé oṣù mẹ́rin.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, “Àbúrò, fítẹ́ẹ̀sì 18 ló wà lára rẹ̀ o!” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mélòó ni ọmọ ń lò níbẹ̀?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní bóyá méjì.

Ọ̀rọ̀ méjì nínú 18 yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn kẹ̀kẹ́, mo sì rí i pé irú fítẹ́ẹ̀sì tí ọmọ yẹn nílò ti wà láyé kí wọ́n tó bí bàbá-bàbá rẹ̀. Inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, níbi tí amọ̀ kò ti lè rí i. Bí ó ṣe wá jẹ́ pé ti ìta ni wọ́n ń tà fún wa, ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Irú kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí, tí ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, John Kemp Starley ló gbé èyí tó gbajúmọ̀ jáde ní Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1885. Rover ló pè é. Ní 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ní Belfast, ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ti kúrò ní ohun ìṣeré àwọn ọ̀dọ́kùnrin olówó. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù. Fítẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ló ní. Bí wọ́n bá ṣe é kó yá lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ kò ní í lè tẹ̀ ẹ́ gòkè. Bí wọ́n bá ṣe é kó rọrùn lórí òkè, ẹsẹ̀ yóò máa yí wìrìwìrì lásán nígbà tí ọ̀nà bá tẹ́jú.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Reilly, ní agbègbè Manchester, wá ojútùú sí i. Ìdodo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìyẹn ibi tí gbogbo rayon ti pàdé, tí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń pè ní moyeu, ibẹ̀ ló kó ẹ̀rọ sí. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí oní-fítẹ́ẹ̀sì méjì ní 1896, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1898. Lẹ́yìn náà ó ronú kan oní-mẹ́ta. Ibí yìí ni ìtàn náà ti dùn mí. Ó ti fọwọ́ síwèé fún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ti àkọ́kọ́ pé ohun tí òun bá tún ṣe lẹ́yìn ọ̀la, tiwọn ni. Nítorí náà orúkọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, James Archer, ni wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ oní-mẹ́ta. Ní àkókò kan náà, Henry Sturmey, oníròyìn tó máa ń kọ̀wé nípa kẹ̀kẹ́, ní oní-mẹ́ta tirẹ̀ náà.

Frank Bowden ló ra ẹ̀tọ́ méjèèjì. Àìsàn ló gbé Bowden dé ìdí kẹ̀kẹ́: dókítà ní kó máa gùn ún, ara rẹ̀ yá, ó sì torí bẹ́ẹ̀ ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó wà ní Raleigh Street ní Nottingham. Ní 1903 ó dá ilé-iṣẹ́ fítẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, wọ́n sì so orúkọ méjì pọ̀: Sturmey-Archer. Orúkọ Reilly kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ìlù kọ́ ni wọ́n ń náwó fún lójú agbo.

Orúkọ Raleigh yẹn, àwọn bàbá wa tó ń ná ọjà lọ sí Ìmẹ̀kọ àti Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n èyí tí èmi rí nígbà èwe mi, gbogbo wọn ni kò ní ju fítẹ́ẹ̀sì kan lọ.

Kí ló wà nínú ìdodo náà? Ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó, nítorí ọgbọ́n ibẹ̀ dùn mọ́ mi ju gbogbo ìtàn yòókù lọ. Ẹ fojú inú wo ìkòkò irin tí wọ́n dé ní ìhà méjèèjì, tí ọ̀pá kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Lára ọ̀pá náà ni irin eléyín kékeré kan wà. Kò lè yí, nítorí ọ̀pá náà kì í yí. Eyín 20 ló ní. Irin eléyín 4 mìíràn yí i ká, eyín 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, bí ìgbà tí ọmọdé mẹ́rin bá di ọwọ́ mú tí wọ́n ń yí àgbàlagbà kan po. Òrùka ńlá kan tí eyín 60 wà ní inú rẹ̀ ló wá gbá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ti àárín ní oòrùn, nítorí pé àwọn yòókù ń yí i ká bí ayé wa ti ń yí oòrùn ká.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gòkè, pignon yóò fa òrùka ńlá, àwọn mẹ́rin kékeré ni yóò sì fa ìkòkò. Bí pignon bá yí ìgbà 4, ìkòkò yóò yí ìgbà 3. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà bá dára tí ẹ fẹ́ sáré, ó yí padà: pignon yóò fa àwọn mẹ́rin kékeré, òrùka ni yóò fa ìkòkò. Pignon yí ìgbà 3, ìkòkò yí ìgbà 4. Láàrin àwọn méjèèjì ni fítẹ́ẹ̀sì kejì wà, níbi tí pignon àti ìkòkò ti ń yí pọ̀ bí ẹni pé kò sí ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé tó wà lórí ojú ìwé yìí lè ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra wọn: 60 pín sí ọ̀nà 80 jẹ́ 0,75, 80 pín sí ọ̀nà 60 jẹ́ 1,33. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so mọ́ ṣéènì kékeré bí ti ẹ̀gbà ọrùn ló ń yàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kẹ̀kẹ́ ì báà dúró gbagidi, ẹ lè yí fítẹ́ẹ̀sì rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ti há sórí òkè rí pẹ̀lú dérailleur mọ ohun tí mò ń sọ.

Irú tí mo ṣàpèjúwe yìí ń jẹ́ AW. Ọdún 1936 ló jáde, wọ́n sì ṣì ń ṣe ọmọ rẹ̀ títí di òní pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Ní Jámánì, Fichtel & Sachs ní ìlú Schweinfurt ṣe tiwọn nígbà kan rí; Torpedo wọn ti 1903 ní ìjánu nínú ìdodo, tí èèyàn yóò tẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn kí kẹ̀kẹ́ tó dúró.

Àwọn Faransé gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà ló sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Saint-Étienne, Paul de Vivie, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Vélocio, ń wàásù pé èèyàn kò gbọ́dọ̀ gun òkè pẹ̀lú fítẹ́ẹ̀sì kan. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà. Ní 1902, ẹgbẹ́ Touring Club de France ṣe ìdíje lórí òkè, obìnrin kan, Marthe Hesse, tó gun oní-fítẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, sì lé ọkùnrin eléré-ìje kan tó gun oní-ẹyọ kan mọ́lẹ̀. Henri Desgrange, ẹni tó dá Tour de France sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò fẹ́ gbọ́. Lójú tirẹ̀, fítẹ́ẹ̀sì wà fún ẹni tó ti lé ní ọdún 45. Wọn kò gba dérailleur láàyè nínú Tour títí di 1937, ọdún tí Roger Lapébie borí. Mo máa ń ronú pé bí kì í bá ṣe agídí bàbá yẹn, ìtàn lè yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, dérailleur ló gba ibẹ̀ wọlé, ohun tí eléré-ìje bá sì lò, gbogbo ọmọkùnrin ní àdúgbò ni yóò fẹ́ ẹ.

N kò bú dérailleur o. Ó fúyẹ́. AW wúwo tó nǹkan bí kílò kan, agbára díẹ̀ sì máa ń ṣòfò nínú gbogbo eyín tó ń lọ eyín yẹn. Fún ẹni tó ń díje, tí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe sì ń tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀, dérailleur ló dára jù. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló ń tẹ̀ lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ọkọ̀?

VTT fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Òun ló yà mí lẹ́nu jù. Ní California, ní ẹ̀bá òkè Tamalpais, àwọn ọ̀dọ́ kan ń kó kẹ̀kẹ́ Schwinn àtijọ́ onítáyà ńlá jọ, wọ́n ń fi í sáré sọ̀kalẹ̀ ọ̀nà eléruku. Láti 1976 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ìdíje. Ọ̀nà náà sọ̀kalẹ̀ tó nǹkan bí mítà 400 nínú kìlómítà mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ìjánu inú ìdodo ni wọ́n ń lò, ó sì máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ yóò di èéfín. Bí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, wọn á tú u, wọn á tún gíríìsì mìíràn dì sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe ibẹ̀ ní Repack, ìyẹn “tún un dì”. Gary Fisher fi dérailleur kún tirẹ̀ kó lè gun òkè padà. Joe Breeze kọ́ egungun kẹ̀kẹ́ tuntun fún irú ìrìn yẹn ní 1977. Ní 1981, Specialized gbé Stumpjumper wá sí ọjà, Jàpáànì ni wọ́n sì ti ṣe é.

Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti yára. Ilé-iṣẹ́ SunTour ní Jàpáànì ti ṣe dérailleur kan tó já fáfá ní 1964. Nígbà tí ẹ̀tọ́ wọn parí ní 1984, Shimano mú ọgbọ́n náà, wọ́n fi ọwọ́ tó ń dún “kẹ́tẹ́” kún un. Ó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú rí i pé iye fítẹ́ẹ̀sì ló ń tajà. Wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ tí èèyàn lè fi ọwọ́ ká gbé dérailleur jáde, wọ́n ń kọ 18, wọ́n ń kọ 21 sára egungun kẹ̀kẹ́ lọ́nà gàdàgbà gadagba. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn: aṣọ eléré-ìje, òwú tí kò lágbára.

Ní 2000, Sturmey-Archer ti Nottingham wó. SunRace ti Taiwan ra ohun tó kù, wọ́n kó ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Lẹ́yìn ọdún 97. Lọ́wọ́ kan náà, Bernhard Rohloff ní Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìdodo oní-fítẹ́ẹ̀sì 14 láti 1998 fún àwọn tó ń gun VTT. Ẹ wò ó: àwọn tó rí owó ná jù lọ ń padà síbi tí Reilly ti bẹ̀rẹ̀. Owó ìdodo náà nìkan lè ra VTT ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìlọ́po mélòó kan, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo lọ sí Ouando ní Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́ àlòkù tó ti òkè òkun wá. Lábẹ́ òkìtì kan ni mo ti rí kẹ̀kẹ́ obìnrin kan tó ti dípẹtà, AW sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Inú mi dùn, mo ka ihò rayon rẹ̀: 40. Ti etí irin VTT jẹ́ 36. Kò lè bára mu láéláé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo tó rí òmíràn tó ní ihò 36. Ẹni tó ń tà á ń bi mí bóyá irin ni mo fẹ́ rà ní kílò, nítorí àwọn tó ń yọ́ irin ló sábà máa ń kó wọn lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Owó tí mo san kò tó owó dérailleur tuntun tí wọ́n dá lé ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún wa wò ó, wọ́n ní, “Ọmọ mi, irin àtijọ́ lo gbé wá yìí.” Mo ní, “Bàbá, ẹ bá mi tú u wò.” Gíríìsì inú rẹ̀ ti gan bí gọ́ọ̀mù. Wọ́n fi epo àtùpà fọ̀ ọ́, wọ́n gbé òrùka náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Eyín kan kò jẹ. Bàbá ò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n fa àpótí jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Rayon tuntun ni a rà, nítorí ti VTT kò bá gígùn rẹ̀ mu. Ẹ̀yìn egungun kẹ̀kẹ́ fẹ̀ tó mílímítà 135, ìdodo náà kò tó 120, nítorí náà a fi rondelle kún un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí àlàfo fi tán. Rondelle méjì kan wà tó ní etí, tó ń di ọ̀pá mú kó má yí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ wọ́n nù, torí bí ọ̀pá bá yí, yóò já wáyà. Ibi tí a ti lágídí jù ni ṣéènì. Ihò tí ọ̀pá wọ̀ lára VTT yìí dojú kọ ilẹ̀ tààrà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò lè sún sẹ́yìn láti fa ṣéènì le. Bàbá dán pignon mẹ́ta wò kí wọ́n tó rí èyí tó bá a mu, eléyín 20, pẹ̀lú irin àárín iwájú tó ní eyín 34. Ṣéènì yóò ṣì gùn sí i bó bá pẹ́, a óò nílò irin ìfàle nígbà yẹn. Dérailleur iwájú àti ti ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ kúrò.

Bí ọmọ náà bá tẹ pẹ́dàlì yípo kan báyìí, kẹ̀kẹ́ ń lọ tó mítà 2,6 ní fítẹ́ẹ̀sì òkè, 3,5 ní ti àárín, 4,7 ní ti ìsáré. Mẹ́ta péré.

Ọjọ́ kejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Àṣìṣe tèmi ni. AW àtijọ́ ní ibì kan láàrin fítẹ́ẹ̀sì kejì àti ẹ̀kẹta tí pẹ́dàlì ti ń yí lásán bí wáyà kò bá fà dáadáa, n kò sì tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fà á. Ó dìde lórí pẹ́dàlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ jìn sínú òfìfo, ó sì fi àyà lu irin ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi wí, mo dọ̀bálẹ̀. Láti ìgbà náà ọmọ náà ló ń fa wáyà rẹ̀ fúnra rẹ̀, òun náà ló ń kán òróró díẹ̀ sínú ihò rẹ̀ lóṣooṣù. Amọ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ṣéènì, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó rọ̀ sílẹ̀ mọ́ tí amọ̀ lè fà wọ rayon. Òjò ọdún yìí ti rọ̀ kọjá lórí rẹ̀, kò tíì gbé kẹ̀kẹ́ náà lé èjìká rí.

Ohun kan kù. Sturmey-Archer máa ń tẹ ọdún sára ìkòkò ìdodo. Nígbà tí Bàbá nu tiwa tán, 64 ló hàn lára rẹ̀, ìyẹn 1964. Ẹ̀yin tí kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ wà lẹ́yìn ilé yín, tàbí tí ẹ mọ ibi tí wọ́n kó wọn jọ sí ní Pobè, ní Savè tàbí ní Atakpamé, ẹ fi aṣọ nu ìdodo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ wò ó bóyá AW wà níbẹ̀, ẹ ka ihò rayon, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ bá rí sí ìsàlẹ̀ yìí kí àwọn tó ń ra irin ní kílò tó dé. Àbúrò ọmọ náà máa tó wọ collège, VTT òun náà sì ti wà nílẹ̀.